Ìgò Bíríkìlà Tí Kì í Tán

Nínú yàrá ìwádìí tó wà lókè ilé ìtọ́jú eyín, ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti da nǹkan nù, ẹni náà kò sì da nǹkan kan nù rí.

Òun ni ọ̀gá yàrá náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní kékeré dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é. Mádàánù ni gbogbo ilé ìtọ́jú náà mọ̀ ọ́n sí, láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ títí dé orí Màdámù, ọ̀gá àgbà pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti yíjú padà, kíá ni ẹnu wọn á yí sí, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Wọn kò parọ́ mọ́ ọn. Àpótí ooru tí wọ́n fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì nínú yàrá náà, ẹ̀yìnkùlé ló ti rí i, níbi tí àwọn kan gbé e sí kí ọkọ̀ pàǹtí wá gbé e lọ. Ó gbé e gòkè, ó tún un ṣe. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi bí ènìyàn bá fi orúnkún tì í, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúnkún ni aṣọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kọ́kọ́ ń gbó. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé fara ti ògiri bí aláìsàn. Dúróà kan kún fún ìdérí tí kò ní ìgò, òmíràn kún fún ìgò tí kò ní ìdérí. Wọ́n ti gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ títí, kò sí èyí tó bá èkejì mu.

Ìnákúnàá kò dára, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó máa bá Mádàánù jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti wọ́ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ṣì wúlò àti ohun tó kàn ṣẹ́kù. Ó sì ṣòfin fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe da ohunkóhun sí síǹkì tàbí sínú garawa pàǹtí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Òun á wò ó, òun á mọ ohun tí òun á fi ṣe.

Lọ́jọ́ kan Màdámù gun àtẹ̀gùn wá, ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ẹ́síréè tuntun ń bọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Màdámù sọ, ó sì ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé láàárín àwọn páálí. "Kí gan-an ni yàrá yìí ń mú jáde?"

"Ìmọ̀ ni, Màdámù."

"Mi ò rí i."

"Kì í ṣe ohun tí ojú ń rí."

"Ẹ̀rọ ẹ́síréè, ojú ń rí i," ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè dá sí i. Ó ti mú téèpù jáde, ó ń wọn fèrèsé.

Ọ̀gá ṣàlàyé fún Màdámù. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú eyín ènìyàn tó lè mọ ohun líle, irú èyí tí eyín fi ń le. Ó ní bí òun bá lè mú kí wọ́n mọ ọ́n nínú àwo, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí eyín tó ti ń jẹrà á máa tún inú ara rẹ̀ ṣe, tí dókítà kò ní máa fi ẹ̀mú fà á yọ mọ́. Màdámù gbọ́ ọ dé òpin. Obìnrin tó fara balẹ̀ ni.

"Ó dáa," ó ní. "Mò ń rìnrìn àjò. Bí mo bá dé, ẹ fi àwo kan ṣoṣo hàn mí tí sẹ́ẹ̀lì yín ti mọ nǹkan líle sí, ẹ ni yàrá yín. Bí kò bá sí, ẹ bá mi kó ẹrù yín kúrò."

"Ẹrù yìí?" ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè béèrè, ó ń wo àyíká. "Màdámù, ó máa gba ọjọ́ púpọ̀ o."

Bí wọ́n ṣe lọ tán, Mádàánù jókòó lórí àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Kò sí yàrá mìíràn fún un ní ilé ìtọ́jú náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún ibẹ̀ ṣe láti orí bọ́tìnì iná dé orí ihò síǹkì. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ló kù, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ fún un tipẹ́ pé òun kò lè máa rí i nílé látàárọ̀ dálẹ́ kí orí òun má yí.

Eyín ni wọ́n kọ́kọ́ nílò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ eyín arúgbó. Èyí tó dára jù ni eyín tó ń yọ gbẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀dọ́, tí kì í ráyè jókòó dáadáa, tí dókítà fi máa ń yọ ọ́. Bí Ọlọ́run ti í ṣe tirẹ̀, àsìkò náà gan-an ni eyín ìkẹyìn àbígbẹ̀yìn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bàbá mú ọmọ lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà eyín, ó sì dúró tì í pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

"Dádì," ọmọbìnrin náà sọ, ẹnu rẹ̀ ti kú nítorí abẹ́rẹ́, "ṣé èmi lẹ bá wá síbí ni àbí eyín yìí?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lè dá rìn lọ sílé."

Bí wọ́n bá la irú eyín bẹ́ẹ̀, ẹran rírọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ mùdùnmúdùn eyín. Ibẹ̀ ni ìrora ń gbé, ibẹ̀ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń gbé. Bí ọ̀dọ́ ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí rí. Wọ́n lè di púpọ̀, wọ́n sì lè kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n máa ṣe wà lọ́wọ́ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ náà ni èròjà ìdàgbàsókè, nǹkan tín-ín-tín tí ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì. Méjì ni wọ́n ń lò nínú yàrá náà. Ọ̀kan ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, "Ẹ máa bí sí i." Èkejì ń sọ pé, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ wá mọlé."

Obìnrin kan ló ń bójú tó èkíní. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú díẹ̀ di púpọ̀, Àgbẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ló ń bójú tó èkejì. Ó ga bí òpó, ó sì máa ń ronú kó tó dáhùn ẹ kú àárọ̀. Òun ni Bíríkìlà. Bí Àgbẹ̀ bá ti mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ tó, á gbé àwo lé Bíríkìlà lọ́wọ́, òun á máa fi omi tirẹ̀ bọ́ wọn títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun líle. Dáì pupa kan wà tí wọ́n ń dà lé wọn lórí láti fi dán wọn wò. Bí ohun líle bá wà nínú àwo, dáì á lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní ṣeé fọ̀ kúrò.

Sẹ́ẹ̀lì àbígbẹ̀yìn pọ̀ bí eṣú lọ́wọ́ Àgbẹ̀. Ó gbé àwọn àwo fún Bíríkìlà bí ẹni tó ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

"Àbúrò, mo ti ṣe tèmi o. Má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí."

Ibi tí ìjọ̀gbọ̀n ti wọlé nìyí. Omi Àgbẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà tuntun ló máa ń pò ní gbogbo ìgbà. Díẹ̀ sì máa ń kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Gẹ́gẹ́ bí òfin yàrá náà, kò gbọdọ̀ dà á nù. Á fi í sínú fíríìjì fún ọ̀gá, á sì gbà pé ọ̀gá á mọ ohun tó máa fi ṣe.

Ọ̀gá sì mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀. Á ṣí fíríìjì, á rí ìṣẹ́kù Àgbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Ó mọ̀ pé èròjà tó wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kú, ó sì dá a lójú pé ó ti kú ná. Ohun tó kù, lójú tirẹ̀, oúnjẹ lásán ni: ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn ohun tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára. Ta ni yóò da oúnjẹ nù? Á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á fi sípíríìtì nu gbogbo nǹkan, á sì rọra da ìṣẹ́kù náà sínú ìgò Bíríkìlà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kan kò fi bá a wọlé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó ń ṣoore kì í lu agogo.

Nígbà tó yá, Bíríkìlà mú àwo kan láti dán wò. Ó da dáì lé e, ó fọ̀ ọ́. Àwo náà mọ́ gaara bí gíláàsì fèrèsé. Ó dán òmíràn wò, bákan náà ni. Ó fojú sí máíkírósíkóòpù: sẹ́ẹ̀lì fún pọ̀ mọ́ra wọn bí èrò tó ń dúró kí wọ́n ṣí géètì, kò sí ọ̀kan tó mú iṣẹ́ kankan ṣe.

"Èmi kó àwọn òṣìṣẹ́ fún ọ," Àgbẹ̀ sọ, "ìwọ sọ wọ́n di ọ̀lẹ."

Bíríkìlà ronú. "Àǹtí, bóyá ẹ ti kẹ́ wọn jù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Mo kẹ́ wọn jù! Ẹni tí kò lè kọ́ ilé ajá ń bú ẹni tó bí ọmọ!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wọn. Ọ̀gá ló bí wọn."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀," ọ̀gá dáhùn láti ẹ̀yìn páálí. Lákòókò náà, ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè tún gòkè wá, ó ń wo ibi tí wọ́n máa gbé àga ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá jókòó nílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àbígbẹ̀yìn, wọ́n ń mu tíì. Ọṣẹ ìfọwọ́ wọn, èérún ọṣẹ oríṣiríṣi tí bàbá lẹ̀ pọ̀ ni; àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti aṣọ alágbe lọ. Ìyàwó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó sọ fún un.

"Ẹ dúró ná," ìyàwó ní. "Ẹ ní eyín ọmọ yìí ń jẹun dáadáa, ó sì ń pọ̀ sí i?"

"Ó ń pọ̀."

"Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣiṣẹ́?"

"Kò fẹ́."

"Ó jọ ẹni tó ni ín."

"Màámi!" àbígbẹ̀yìn pariwo. "Mò ń wáṣẹ́ kẹ̀!"

"Sẹ́ẹ̀lì náà ń wá a."

Bàbá kò dá sí ìjà náà. Ó rí i pé tíì kù nínú ife ọmọ rẹ̀, ó gbé e, ó dà á sínú ife ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Àbígbẹ̀yìn! Ṣúgà wà nínú tirẹ̀! Ẹ mọ̀ pé dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ṣúgà."

"Díẹ̀ ni mo dà."

"Ṣé ṣúgà díẹ̀ ń jẹ́ iyọ̀ ni?"

Ó gba ife náà padà, ó mu ún fúnra rẹ̀, ó sì ń ronú nípa sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un.

Bíríkìlà ló kọ́kọ́ fura. Omi tó yẹ kó ti tán kò tán. Lákọ̀ọ́kọ́, ó rò pé òun ló gbàgbé bí òun ṣe pò ó tó. Lẹ́yìn náà, ó fi bírò fa ìlà sára ìgò kó tó lọ sílé. Nígbà tó dé láàárọ̀, omi ti gun òkè ìlà.

Ó dúró wo ìgò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ bá Àgbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ń bomi sí mi nínú ìgò?"

Àgbẹ̀ tú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́. Nígbà tó bá tú ìbọ̀wọ́ bọ́, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. "Èmi? Kí n gbé omi tí mo fi gbogbo àárọ̀ pò, kí n wá fi ta ìwọ lọ́rẹ? Kí lo ṣe fún mi?"

"Ẹnì kan ń dà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lónìí. Lọ́la, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé, èmi pẹ̀lú rẹ á jọ ṣọ́ ìgò yẹn. Màá jókòó tì ọ́ kí o lè rí ọwọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí àwọn méjèèjì há ara wọn sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àǹtí, ẹ ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀."

"Ibo ni kí n tẹ̀? Ẹsẹ̀ rẹ ló gba gbogbo ilẹ̀."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ni kóo rọra ga!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá ló wọlé, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Ó fọwọ́, ó nu tábìlì, ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò Àgbẹ̀ jáde. Ó fi páípù kékeré fa ìṣẹ́kù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kán kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò, kò fẹ́ wá. Ọ̀gá tẹ ìgò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tan ọmọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Máa bọ̀. Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa dà ọ́ nù."

Àgbẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọ̀gá fò sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan kò jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù?"

"À ń ṣọ́ olè, sà."

"Ṣé ẹ rí i?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn. "A ò lè pè é ní olè, sà," Àgbẹ̀ sọ níkẹyìn. "Olè máa ń mú lọ ni. Eléyìí ń mú wá."

"Ó dáa, oúnjẹ ni mò ń fi kún oúnjẹ," ọ̀gá dáhùn, ó ta kété. "Kí ló burú níbẹ̀?"

"Sà, èròjà tèmi wà nínú omi yẹn."

"Ó ti kú. Èmi ni mo kọ́ yín. Èròjà yẹn kì í pẹ́ kú. Ooru ló ń pa á. Bó bá ti wọ àpótí ooru pẹ́nrẹ́n, agbára rẹ̀..."

Ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Ìgò náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ ti ń ro ó. Omi yẹn kò tíì wọ àpótí ooru rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pò ó. Láti ọwọ́ Àgbẹ̀ ló ti wọ fíríìjì, láti fíríìjì ló ti wọ ìgò Bíríkìlà. Òfin tí ọ̀gá mọ̀ kò purọ́. Òun ni kò béèrè ibi tí òfin ti ń ṣiṣẹ́.

"Háà," ó ní.

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó kọjú sí àwọn méjèèjì.

"A jẹ́ pé Bíríkìlà ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi sì ń wọlé láràárọ̀, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bí sí i."

Bíríkìlà ronú. "Sà, bí bàbá bá ní kí ọmọ lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá bá ní kó jókòó kó jẹun sí i..."

"Ta ni ọmọ máa gbọ́ tirẹ̀?" Àgbẹ̀ dáhùn fún un. "Ẹni tó gbé àwo lọ́wọ́ ni."

Ọ̀gá jókòó. Kò wo irú àga tó jókòó lé, àga náà sì gbé e ṣubú. Àwọn méjèèjì fà á dìde, wọ́n gbọn aṣọ rẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àkókò ṣì kù díẹ̀ kí Màdámù tó dé, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú kan péré ló gbà, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbẹ̀ ní àwọn àwo kan tí sẹ́ẹ̀lì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ tó. Wọ́n ní láti da omi tirẹ̀ kúrò lórí wọn, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n da omi ìfọ̀ náà nù, kí wọ́n tún fọ̀ wọ́n, kí wọ́n tún dà á nù, kó má bàa ku ẹyọ ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ kan létí wọn kí ti Bíríkìlà tó wọlé.

"Omi ìfọ̀ yẹn," ọ̀gá sọ. "Ṣé a ò lè fi ṣan àwọn ìgò?"

"Rárá, sà."

"Kí a fi nulẹ̀ ńkọ́?"

"Sà."

"Mo kàn béèrè ni."

Ìgò Bíríkìlà tí omi méjèèjì ti dàpọ̀ nínú rẹ̀ náà wà ńlẹ̀, ó kún dé ọrùn. Àgbẹ̀ nawọ́ sí i, ọ̀gá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo ṣòfin," ó ní. Ó gbé e lọ síbi síǹkì. Ó dúró níbẹ̀ títí Bíríkìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Nígbà tó yá, ó dijú, ó dorí ìgò kodò. Omi dún gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tó dákẹ́, ọ̀gá ṣì di ìgò náà mú bẹ́ẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀kán tó kù.

"Ó ti tán, sà," Àgbẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ọ̀gá bọ́ kọ́kọ́rọ́ fíríìjì kúrò nínú ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì fi í lé Àgbẹ̀ lọ́wọ́. "Má ṣe fún mi títí Màdámù á fi dé. Kódà bí mo bá sunkún."

Kò sunkún. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn fíríìjì bó ṣe ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, Bíríkìlà sáré wọlé tòun ti ìgò tó dorí rẹ̀ kodò, inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Sà! Ó tán! Ìgò mi tán!"

"O kú oríire," ọ̀gá dáhùn, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń kí olóòkú.

Màdámù dé. Ó gòkè wá, ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè tẹ̀ lé e, òun àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́ ìkẹ́rù. Àbígbẹ̀yìn náà wá, nítorí ó ní eyín òun ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

"Ẹ kú àbọ̀, Màdámù," ọ̀gá sọ. "Ìṣojú yín la máa ṣe é."

Bíríkìlà gbé àwo kan síwájú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ da dáì lé e. Gbogbo àwo náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Ó ti pọ́n!" àbígbẹ̀yìn pariwo. "Dádì, ó ti pọ́n!"

Ojú Màdámù là. Ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀. Ká ní ọ̀gá dákẹ́ lákòókò náà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àgbẹ̀ wò ó, Bíríkìlà wò ó. Wọ́n mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá da dáì lé ló máa pọ́n, ìbáà ṣe ọmọrí ìkòkò.

"Kò tíì tó, Màdámù," ọ̀gá sọ. "Dáì lásán lẹ ń wò. Èyí tí kò bá lọ lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ nìkan la máa kà."

Ó da omi sí i, ó mì ín, ó dà á sí síǹkì. Pupa tú jáde, ó ń ṣàn lọ. Ó tún bu omi sí i. Pupa tún lọ. Àwọ̀ tó kù nínú àwo náà ti ṣá bí awọ àlùbọ́sà. Àbígbẹ̀yìn fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọ̀gá," Màdámù ní, "ẹ ò ṣe ṣe sùúrù? Ohun tó wà níbẹ̀ lẹ ń dà nù yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

Ó tún fọ̀ ọ́, ó tún dà á. Omi tó jáde lẹ́yìn náà mọ́ gaara, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Kò lè wo inú àwo. Ó nawọ́ rẹ̀ sí Màdámù láìwò ó.

Màdámù gbé e sókè sí fèrèsé. Ó wò ó pẹ́. Ìdí àwo náà kún fún àmì pupa wínníwínní, wọ́n dúró gbọnyin bí òkúta. Ó fi èékánná kan ẹ̀yìn àwo, ó gbọ̀n ọ́n, ó dojú rẹ̀ kodò. Kò sí èyí tó kúrò.

"Kí lẹ ní eléyìí jẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, Màdámù," Bíríkìlà dáhùn. Kò ronú rárá kó tó sọ ọ́.

"Iṣẹ́ eyín mi!" àbígbẹ̀yìn sọ. Ó ti ń tẹ ìyá rẹ̀ láago. "Màámi, ẹ gbọ́, ó ti ríṣẹ́!"

Ọ̀gá àwọn oníẹ́síréè wo òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́. "Màdámù, ibo ni kí n wá gbé ẹ̀rọ mi sí báyìí?"

Màdámù rọra gbé àwo náà kalẹ̀. Ó yí ká yàrá náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ páálí kọjá, ó fa dúróà kan, ó tì í padà kíá. "Ọ̀gá, mo ti ṣèlérí, n kò ní yẹ̀ ẹ́. Ẹ ni yàrá yín. Ẹ̀rọ ẹ́síréè á wọ ibi tí àwọn oníẹ́síréè ń kó aṣọ òjé tí wọ́n fi ń dènà ìtànṣán sí, aṣọ òjé á sì wá síbí. Nítorí náà, ohunkóhun tí kò bá ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Gbogbo ẹ̀, Màdámù?"

"Mo rí bí ẹ̀yin náà ṣe ń da nǹkan nù lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é."

Àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì tún wọ ìbọ̀wọ́ wọn padà.

Wọ́n háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Bí wọ́n ti ń gbé nǹkan sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀gá ń rán wọn létí pé kí wọ́n rọra, nǹkan ẹlẹgẹ́ ni. Nígbà tí awakọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Àgbẹ̀ ní ààtàn, ọ̀gá ní ilé òun. Awakọ̀ tẹ̀ lé ẹni tó jókòó tì í. Àgbẹ̀ kò bá ọ̀gá jiyàn. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀, ó pe ìyàwó ọ̀gá.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ìyàwó ti dúró ní ẹnu géètì, ó sì ti tì í.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Àbígbẹ̀yìn. Ẹ kú oríire yàrá. Inú mi dùn débi tí n kò lè sọ. Ẹ wọlé."

"O ṣeun, ìyàwó mi."

"Àwọn tó bá yín wá kò ní wọlé o."

"Àga nìyí. Ẹsẹ̀ ló kù tí kò..."

"Kò ní wọlé."

"Ìdérí ìgò nìyí. Ó dára gan-an. Bí a bá ráwọn ìgò tó..."

"Bàbá Àbígbẹ̀yìn."

Awakọ̀ yọrí síta. "Bàbá, ibo la ń lọ gan-an?"

Ìyàwó wo ojú ọkọ rẹ̀. Oríire ńlá ló ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, apá rẹ̀ sì pọ́n fún dáì láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. "Ó dáa. Mo fún yín láyè nǹkan kan. Ẹyọ kan. Ẹ yan èyí tó wù yín, kí àwọn yòókù máa lọ sí ààtàn."

Ọ̀gá gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé àga kan, ó gbé e kalẹ̀. Ó fa dúróà kan wò, ó mú ìdérí kan, ó mú òmíràn, ó ń gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó wọlé lọ, ó gbé àga jáde, ó sì jókòó sí ẹnu géètì, nítorí ó mọ irú ọkọ tí òun fẹ́.